Ta Ló Sọ Ọ̀bẹ Lórúkọ?

Ẹjọ́ kan wà lọ́kàn mi tí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rò, n ó sì rò ó níhìn-ín láì fi epo bọ iyọ̀. Èmi àti àwọn tí ń fi ojú lásán wo irin àtijọ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀, ni a jọ ń ṣe é. Irin tí mo ní lọ́kàn ni ọ̀bẹ ìgúnni tí àwọn ará Yúróòpù ń sán mọ́ ìdí láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀bẹ Òyìnbó, èsì mi ni pé irọ́ tí a bá pa mọ́ ohun àtijọ́, irọ́ ni, ilẹ̀ yòówù kí ohun náà ti wá.

Nígbà kan, mo dúró níwájú àpótí onígíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí n kò ní dárúkọ. Irin kan tí ó ti dípẹtà wà níbẹ̀. Kò ní èèkù, kò ní àkọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ pàápàá ti kán. Síbẹ̀, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó dúró ti alágbẹ̀dẹ nígbà tí ó ń rọ ọ́ lọ́wọ́: ó ní misericorde ni, ọ̀bẹ àánú, èyí tí jagunjagun fi ń gba ẹ̀mí ọ̀tá tí ó ti gbọgbẹ́ kí ìrora rẹ̀ má baà pọ̀. Mo bi olùtọ́jú ibẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti rí i. Ó ní ẹnì kan ni ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Mo ní kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀bẹ àánú ni. Ó ní bí ó ti rí náà ni.

Bí ó ti rí náà! Ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí gan-an ni mo ń bá jà.

Òótọ́ ni pé àwọn akọ̀wé ìgbà náà lo orúkọ náà nínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò yàwòrán ọ̀bẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ní ayé òde òní ni wọ́n mú orúkọ náà, tí wọ́n ń fi sọ ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá ti wù wọ́n. Ẹ sì wo ohun tí ojú ìtìjú ṣe fún ọ̀bẹ mìíràn. Ọ̀bẹ yìí ní kókó méjì ní ìdí èèkù, èèkù fúnra rẹ̀ sì nà gbọọrọ lókè wọn. Àwọn tí ń lò ó mọ ohun tí ó jọ, wọn kò fi bò, ẹpọ̀n ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ó di ayé Ọbabìnrin Victoria, àwọn ọ̀mọ̀wé ní kíndìnrín ni ó jọ. Ó di ọ̀bẹ kíndìnrín nínú ìwé wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Bí a bá lọ sí ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òfin Winchester, tí Ọba Edward Kìíní ṣe ní 1285, pàṣẹ ohun ìjà tí olúkúlùkù ní láti fi pamọ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ rẹ̀ ti tó. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú pọ́n-ùn 15 wọlé lọ́dún gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù irin, àkẹtẹ̀ irin, idà, ọ̀bẹ àti ẹṣin. Ọ̀bẹ ni òfin pè é, kò pè é ní nǹkan mìíràn. Orúkọ tí ó ń jẹ́ nídìí ẹran sísun náà ni ó ń jẹ́ lójú ogun. Àwọn tí wọ́n ní in kò rí ìdàrúdàpọ̀ kankan nínú èyí. Àwa tí a fẹ́ kí ohun gbogbo ní àpótí tirẹ̀ ni ó dàrú mọ́ lójú.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Èmi fi kún un pé ẹni tí kò rí èèkù kò gbọdọ̀ sọ orúkọ ọ̀bẹ. Nítorí èèkù ni a fi ń ya àwọn ọ̀bẹ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Èyí tí ó ní ọ̀pá ìdábùú bí ti idà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ hàn. Èyí tí òkè àti ìsàlẹ̀ èèkù rẹ̀ gùn ní ìdábùú, tí ó fi dà bí lẹ́tà I ńlá, ni wọ́n fi orúkọ ìlú Basel pè. Òmíràn ní àwo róbótó lókè àti nísàlẹ̀; òun náà jáde láàárín 1300 sí 1400. Ṣùgbọ́n igi tàbí ìwo ni wọ́n sábà fi ń ṣe èèkù, ilẹ̀ a sì jẹ ẹ́ tán. Irin nìkan ni yóò kù, irin náà kò sì ṣe é gbára lé. Pípọ́n lójoojúmọ́ a máa sọ ọ̀bẹ fífẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀bẹ ìdáná àwọn ìyá wa ti máa ń tín-ín-rín. Idà tí ó kán a sì máa padà di ọ̀bẹ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ.

Ta ni ká wá bi? Ilẹ̀ ni. Ní etí odò Thames, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀bẹ àti àkọ̀ láti inú ilẹ̀ tí wọ́n fi kún etí omi ní ayé àtijọ́. Owó ẹyọ tí ó bá wọn níbẹ̀, àti ìlà róbótó inú àwọn pákó tí ó gbá ilẹ̀ náà dúró, ni ó sọ ọjọ́ orí wọn. Ìwé tí Cowgill, de Neergaard àti Griffiths kọ lórí iṣẹ́ yìí jáde ní 1987. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìrù irin tí wọ́n kì bọ inú èèkù ni ó ṣáájú. Èyí tí wọ́n fi pákó méjì há irin láàárín, tí wọ́n sì kàn níṣòó, kò wọ́pọ̀ títí di ẹ̀yìn 1300. Ìmọ̀ nìyẹn, kì í ṣe bí ó ti rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ awárin hú ọ̀bẹ lóru, tí ó bó ìpẹtà rẹ̀, tí ó sì tà á láìsọ ibi tí ó ti wá, ó ti pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ní.

Ìtàn dídùn pẹ̀lú kò lè rọ́pò ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù gbà pé irin kékeré tí ó wà nínú àmì ìlú wọn ni ọ̀bẹ tí William Walworth, olórí ìlú, fi gún Wat Tyler, aṣáájú àwọn ọlọ̀tẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 1381. Àmì náà sì ti wà lára òǹtẹ̀ ìlú láti oṣù kẹrin ọdún kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó gún ẹnikẹ́ni. Idà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni.

Àwọn kan yóò ní bí kò bá sí orúkọ, báwo ni a ó ṣe máa bá ara wa sọ̀rọ̀? N kò ní kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ. Kí wọ́n sọ ẹni tí ó fún un ní orúkọ, àti ìgbà tí ó fún un. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọjọ́sí pé kí wọ́n yọ ìwé pélébé wọn, kí wọ́n sì kọ èyí sí ipò rẹ̀: «Ojú ọ̀bẹ, irin. Èèkù rẹ̀ ti sọnù. A kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i, a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.» Wọ́n fèsì pé àwọn àlejò kò ní fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀.