Kí Orò Tó Jáde, Ẹ Jẹ́ Kí Àlejò Gbọ́



Ní oṣù keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ṣàgámù lórí ọ̀rọ̀ ìṣéde Orò. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹ̀san rẹ̀ sì dé Kánò. Kì í ṣe pé à ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o. Ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣọdún.

A máa ń tètè ṣètò owó, ẹbọ àti oúnjẹ. Ìkéde ńkọ́? Ọmọ ìlú mọ àsìkò. Oníṣòwò tó dé lánàá kò mọ̀ ọ́n.

Níbi ìpàdé, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa gbẹnu sọ fún ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló yẹ kó gbọ́, èdè wo ló gbọ́, ta ni yóò sọ fún un? Ẹ lọ bá Sẹ́ríkí Haúsá, ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀, ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá. Ẹ dárúkọ ọjọ́, wákàtí tí ìṣéde yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ilé aláboyún tó ń rọbí lè pè. Nígbà tó bá ku ọjọ́ méje, ẹ sọ ọ́. Tó bá ku ọ̀la, ẹ tún un sọ.

Èyí kò tú àṣírí awo kankan. Ẹni tó bá ti gbọ́, á tilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Orò á gbè wá o. Àṣẹ.