Ọ̀pẹ Tí Kò Lépo

Ohun tó ń bí mi nínú nípa ọ̀pẹ àwọn ará Manchester ni pé owó gidi ni wọ́n ń ná lé e lórí, kò sì so nǹkan kan tí ènìyàn lè jẹ. Lọ síbi tí wọ́n ti ń ta igi ọgbà, wàá bá a nínú ìkòkò ńlá. Iye tí wọ́n kọ sí i lára yóò ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, owó á sì tún ṣẹ́ kù. Kò lépo. Kò ní ẹ̀kùrọ́ tí a lè pa jẹ. Ẹnikẹ́ni kì í dá ẹmu lórí rẹ̀. Síbẹ̀, n kì í rìn jìnnà kí n tó rí i níwájú ilé ẹnìkan, tó dúró nínú òjò.

Ẹni tó dàgbà nílé yóò mọ ìdí tí ara mi fi kọ̀ ọ́. Kí ni à ń sọ nù lára ọ̀pẹ? Ẹyìn ń lọ sí ẹkù, epo ń jáde, ìhá tó kù ni a fi ń ko iná, ẹ̀kùrọ́ ń di àdín, a ń yọ ọwọ̀ lára imọ̀ rẹ̀ fi gbálẹ̀, Ògún ń wọ màrìwò, ikin wà lọ́wọ́ babaláwo. Igi tó ṣe gbogbo èyí fún wa, kí ènìyàn wá dé ìlú òyìnbó kó bá orúkọ rẹ̀ lára igi tí wọ́n ń gbìn fún ìwòran lásán!

Igi tí mò ń wí yìí, Trachycarpus fortunei ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, àwọn ọlọ́gbà ń pè é ní ọ̀pẹ Chusan. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Robert Fortune, ará Scotland tó ń wá ewéko kiri, ló fi í ránṣẹ́ sí ọgbà Kew ní London ní 1849, ọ̀kan sì dé Osborne, ilé Ọbabìnrin Victoria ní erékùṣù Wight. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, ó lè fara da òtútù tó tó digírì Celsius 15 sí ìsàlẹ̀ òdo. (Èyí tí ẹ ń rí létíkun Torquay yàtọ̀. Kì í ṣe ọ̀pẹ rárá, New Zealand ló ti wá, òtútù oṣù Kejìlá ọdún 2010 sì pa púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ní Britain.) Ọ̀pẹ tiwa kò lè dán an wò. Láàárín digírì 24 sí 28 ni ara rẹ̀ ti ń yá gágá. Bí ooru bá ti wálẹ̀ ju 15 lọ, ọ̀dọ́ ọ̀pẹ kò ní dàgbà mọ́. Bahia ní Brazil gbà á, nítorí oòrùn ibẹ̀. Ní Manchester, inú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi iná mú gbóná nìkan ló lè gbé.

Aládùúgbò mi kan, àgbà òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀pẹ Chusan méjì níwájú ilé rẹ̀. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á gun àkàbà, á kó ewé àárín jọ sókè, á fi okùn dì wọ́n, á ki koríko gbígbẹ sáàárín, á fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, á wá fi ike ṣe ìbòrí lé e. Bí abiyamọ ṣe ń wé ọmọ tuntun nígbà ọyẹ́ ló ṣe ń wé igi.

Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí à ń pè ní Bàbá, wá kí wa láti Òkè-Igbó. Akọpẹ ni bàbá tó bí wọn, àwọn náà sì fi igbà gun ọ̀pẹ nígbà èwe wọn. Wọ́n dúró wò ó títí, wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè ìgbà tí yóò so. Ọkùnrin náà dáhùn pé kò ní so láé, akọ ni méjèèjì: igi akọ ọ̀tọ̀, igi abo ọ̀tọ̀ ni ti Chusan. Bàbá wò mí bíi pé mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sódì. Lórí ọ̀pẹ tiwa, igi kan náà ló ń yọ òdòdó akọ àti abo, wọ́n kàn ń gbà á fúnra wọn ni.

“Bi í pé kí ló wá ń fi ṣe.”

Ó ní ó máa ń wu òun láti rí i bí òun bá ṣí fèrèsé láàárọ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń wé e, nígbà tí òtútù kò lè pa á. Ó ní omi ni òun ń bá jà. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ fi ń dàgbà, ní àárín orí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá kú, kò ní ẹ̀ka tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Òjò wínníwínní á rọ̀ sínú rẹ̀, á di yìnyín lóru, á yọ́ lọ́sàn-án, àárín á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí o bá fa màrìwò tó sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ìdí kan náà ló fi da òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, kí omi má baà dúró ti gbòǹgbò. Bàbá jiyàn pé òjò Òkè-Igbó ju ti Manchester lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tilé á rọ̀ wàrà, oòrùn á yọ, ewé á gbẹ. Ti ibí kì í pọ̀, kì í sì í lọ.

Ìgbà tí ọkùnrin náà fa ayùn yọ, tó fẹ́ máa gé ewé tútù ìsàlẹ̀ kí igi lè rí gbọ̀ọ̀rọ̀, ni Bàbá kígbe. Ewé ni ọ̀pẹ fi ń jẹun. Nílé, bí wọ́n bá bẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ jù, òdòdó akọ ni yóò máa yọ, ẹyìn á sì wọ́n. Èyí tó ti gbẹ, tó ti wọ́lẹ̀, ni kó gé. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ayùn sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bàbá léèrè ọ̀rọ̀. Bàbá fọwọ́ pa irun tó bo ara igi náà, wọ́n ní èyí á dára fún okùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni: ní Ṣáínà, okùn ni wọ́n ń fi ṣe, àti ìgbálẹ̀, àti ẹ̀wù òjò àwọn àgbẹ̀. Inú Bàbá dùn dé ìdí. Igi náà kì í ṣe ọ̀lẹ nílé tirẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá sọ fún mi pé katapílà ti wó gbogbo ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé bàbá wọn nítorí ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì gbin ẹyọ kan padà. Ọjà ni wọ́n ti ń ra epo báyìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbo ilé wa. Ní 1848, ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java. Àtọmọdọ́mọ wọn ni oko ọ̀pẹ Indonesia àti Malaysia fi bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ló ń ṣíwájú nínú títa epo pupa sókè òkun títí di àwọn ọdún 1960. Lónìí, à ń rà á láti òkèèrè kún tiwa. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà lẹ́bàá Benin láti 1939, síbẹ̀ ọ̀pẹ tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abúlé wa ṣì gbójú lé.

Nítorí náà n kò lè bínú sí ọkùnrin orí àkàbà yẹn mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú ọ̀pẹ tí kò lépo báyìí, ọ̀pẹ tó lépo ì bá ti jàǹfààní lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Britain, bí ọ̀pẹ bá wù yín níwájú ilé, Chusan ni kí ẹ rà. Ẹ gbìn ín ní oṣù Kárùn-ún kí gbòǹgbò rẹ̀ lè mú ilẹ̀ kí òtútù tó dé, lẹ́yìn ògiri tí yóò gba afẹ́fẹ́ dúró, kí ẹ sì máa bo orí rẹ̀ títí yóò fi gbó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sílé, ẹ sọ fún àwọn tó ń bá yín ṣe é kí wọ́n pe akọpẹ wá tún orí ọ̀pẹ ibẹ̀ ṣe kí wọ́n tó pe katapílà.