Tí báńkì bá kógbá sílé, èló lẹ ó rí gbà?

Ẹ̀yin òbí wa, owó tí ẹ kó lọ sí báńkì kò sí nínú àpótí kan tí wọ́n kọ orúkọ yín sí. Báńkì ń yá a fún àwọn ẹlòmíì, ó sì ń jẹ èlé lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ni báńkì jẹ ní gbèsè. Wọn kì í sábà sọ èyí fún ni nídìí káńtà.

Tó bá wá kógbá sílé ńkọ́? Àjọ NDIC ni yóò dá yín lóhùn, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, mílíọ̀nù 5 náírà ló pọ̀ jù tí ẹnì kan lè gbà ní báńkì ńlá kan. Ti máíkírófáínáǹsì jẹ́ mílíọ̀nù 2. Ẹ má torí ìyẹn ṣí àkáǹtì mẹ́ta sí báńkì kan náà o, wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Ẹni tó gba mílíọ̀nù 8 owó ìfẹ̀yìntì, kó pín in sí báńkì méjì.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn tó ní BVN àti àkáǹtì níbòmíràn ni owó wọn tètè wọlé. Èyí tó bá lé, ó di ìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báńkì.

Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ àdúgbò ńkọ́? NDIC ò mọ̀ ọ́n rárá.