Ta Ni Ẹ Júbà Kí Ẹ Tó Bú Opó?

Ẹ̀yin ọmọ Odomèta, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, n kò ní gbé e sùn mọ́.

Lọ́jọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, gbogbo wa la wà lọ́jà. Ère ọkùnrin àti obìnrin ló wà lórí igi tí ẹlẹ́gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan rù. Bó bá ti fa okùn, wọ́n á dì mọ́ra. A rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń yọ́ wọlé onílé lóru mọ ara rẹ̀.

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ fi fóònù ya ère náà, ẹ kọ orúkọ opó kan sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ti dé Kútọnu, ó ti dé Èkó. Ọkùnrin orí igi ńkọ́? Ẹ kò kọ orúkọ tirẹ̀. Ṣé obìnrin nìkan ló dì mọ́ ara rẹ̀ ni?

Kí Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó la ẹnu bú èèyàn, yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Nítorí wọn la ṣe ń jó. Ta ni ẹ̀yin júbà? Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin bá ìjòyè wí lójú rẹ̀, ìjòyè á sì gbà á mọ́ra. Ẹ̀yin sá fún alágbára, ẹ wá ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò lọ.

Òyìnbó pàápàá ṣe irú ẹ̀fẹ̀ yìí. Láyé Ọba George Kẹta, ayàwòrán kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, James Gillray. Àrẹ̀mọ ọba fi ìkọ̀kọ̀ gbé Maria Fitzherbert níyàwó ní 1785. Nígbà tó di 1786, Gillray ti ya ìgbéyàwó náà ní àwòrán yẹ̀yẹ́. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, tí aláìlówó á dúró síta, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tí yóò jọba lọ́la ni Gillray dojú kọ!

Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé pé ogún iyebíye ni. Kétu ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ó fi han ayé nìyí?

Ẹ pa àwòrán náà rẹ́ lálẹ́ òní. Kí gbogbo ẹni tó fi í ránṣẹ́ wá bá mi nílé ní kùtùkùtù ọ̀la, kí a jọ lọ bẹ obìnrin náà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi àwòrán náà ránṣẹ́, kò tíì pàtẹ lọ́jà.