Ẹni tí ó dè é ni kí ó tú u

Nígbà tí àwọn baba wa bá ní kí a de oyún kan kí ó má baà wálẹ̀, tí oníṣègùn sì ti àgádágodo pa, tí ó gbé e pamọ́ di oṣù ìkúnlẹ̀, èrò ọkàn wọn kò jìnnà sí ti Shirodkar, oníṣẹ́ abẹ ará Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹni tí ó fi han aráyé ní 1955, kí McDonald ará Ọsirélíà tó wá mú un rọrùn sí i ní 1957, pé ọrùn ilé-ọmọ tí kò lágbára, tí ó ń là fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún láìsí ìrọbí, ṣeé fi òwú rán yí ká, kí a sì fà á pọ̀ bí ẹní fa okùn ẹnu àpò.

Ní Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá tiwa níhìn-ín ní Èkó, obìnrin tí oyún bá bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣàìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ilé ọkọ: wọn a ní ayé ni, wọn a ní àbíkú ni, wọn a sì máa mú un ti orí òkè àdúrà dé ilé agbẹ̀bí, títí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 oyún tí ó yẹ kí a fi òwú rán ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ yóò fi kọjá. N kò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ìjọba wà ní Ìgàndó, ẹni tí ó sì rí owó kẹ̀kẹ́ márúwá dé orí òkè yóò rí i dé ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo oyún tí ó bàjẹ́ ni òwú wà fún. Dókítà ni yóò bi í bí ó ti wálẹ̀, tí yóò sì yẹ ọrùn ilé-ọmọ wò.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ, nítorí ìtúsílẹ̀ gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ní ọ̀sẹ̀ 36 sí 37 ni a ń yọ òwú náà, àmọ́ bí owó bá tán lọ́wọ́ aboyún, tí ó yọ́ lọ bímọ nílé agbẹ̀bí láìsọ, tí ìrọbí sì bá òwú níbẹ̀, ọrùn ilé-ọmọ lè fà ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kí Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ àwọn agbẹ̀bí láti bi gbogbo aboyún pé: “Ìyàwó wa, oyún rẹ ti wálẹ̀ rí láìrọbí? Ṣé òwú wà lẹ́nu ilé-ọmọ rẹ?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ìyá agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ bá a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgàndó lọ́jọ́ náà.