Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá San Owó Iléèwé Tán

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tàbí Pólì ìjọba àpapọ̀ l'Édẹ, ń san owó méjì: owó iléèwé àti owó ọkọ̀. Ti iléèwé ni ìjọba máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ti ọkọ̀, òbí ló ń wá a láràárọ̀.

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2023 ń béèrè onídùúró. Ọmọ tálákà wo ló mọ ọ̀gá tó máa dúró fún un? Òfin tuntun ti oṣù kẹrin 2024 sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Lónìí, NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, ń san owó iléèwé fún iléèwé fúnra rẹ̀, láìsí èlé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ká pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó 670 náírà lójúmọ́. Nínú rẹ̀ ni oúnjẹ, ọkọ̀ àti dátà yóò ti jáde.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Títí di 1978, 50 kọ́bọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń jẹun lójúmọ́, torí ìjọba ń bá a gbé e. Nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ ọ́ di náírà kan ààbọ̀, igbe "Ali Must Go" (kí Ali, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, máa lọ) gba ìgboro.

Ibòmíràn ti wá ojútùú sí irú ìṣòro yìí. Ní New York, yunifásítì ìlú náà, CUNY, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2007 tí wọ́n ń pè ní ASAP. Ó ń dí àlàfo owó iléèwé, ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní káàdì ọkọ̀, ó sì ń yan olùdámọ̀ràn tó ń pè é wá bá a sọ̀rọ̀ déédéé. Nígbà tí àjọ ìwádìí MDRC fẹ́ dán ètò náà wò, ó fi ìbò pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé wọn kò tó nǹkan sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú 100 àwọn tó wà nínú ètò náà ti gboyè. 22 péré ni nínú àwọn yòókù. Owó tí wọ́n ná lé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣírò iye tó ná wọn kí ẹnì kan tó gboyè, ó wálẹ̀, torí ọmọ tó fi iléèwé sílẹ̀ lágbedeméjì ti gbé owó gbogbo ènìyàn lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrólú kò lè dá yunifásítì sílẹ̀. Wọ́n lè ra bọ́ọ̀sì. Bó ti wù kí ìjà ilẹ̀ le tó láàrin àwọn ìlú wọn, Ẹ̀rìn, Ìlobùú àti Ìfọ́n, Òṣogbo kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń lọ. Wọ́n tún lè fi òṣìṣẹ́ kan sí sẹkitéríàtì, kó máa bá àwọn ọmọ tí òbí wọn kò mọ̀wé tún NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) àti BVN (nọ́ńbà báǹkì) tí orúkọ inú wọn kò bára mu ṣe, kí NELFUND tó ti fọ́ọ̀mù wọn padà.