Bátìrì tàbí Pẹtiróòlù: Ọjọ́ Ìsinmi Ẹ̀rọ Ni Kí Onílé Wò

Nínú oṣù kẹrin ni koríko máa ń jí ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Òtútù ti lọ, òjò bíi mélòó kan ti rọ̀, àgbàlá ti tutù yọ̀yọ̀. Tó bá di òwúrọ̀ Sátidé, onílé á wọ́ ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ jáde nínú gáréèjì tó gbé e sí kí òtútù tó dé. Á fa okùn rẹ̀, kò dáhùn. Á tún un fà, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Nígbà tó bá fi máa fà á lẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, òógùn ti bò ó, èjìká ń ro ó, òórùn epo ti gba gbogbo gáréèjì. Ẹni tó bá ti fa okùn jẹnẹrétọ̀ lóru ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá rí mọ ohun tí ojú onílé náà ń rí.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Epo tó ṣẹ́kù sí inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá epo tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ilé epo ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, ọtí yìí a sì máa fa omi mọ́ra. Bí epo náà bá ti jókòó fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ dànù, èyí tó kù á ki, á lẹ̀ mọ́ ihò kabúrétọ̀ bí oje igi. Ihò ọ̀hún kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Ó ti dí nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí onílé ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ ra ẹ̀rọ ìgékoríko. Agbára ni àwọn èèyàn sábà máa ń jiyàn lé lórí: èwo ló lágbára jù, èwo ló lè gé koríko tó ga dé orúnkún? Ìbéèrè yẹn dára fún ẹni tó ń fi koríko gígé jẹun, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀. Ẹ̀rọ onílé ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, á wá sinmi ní gbogbo ìgbà òtútù. Ìsinmi rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, ẹ̀rọ oníbátìrì ló yẹ onílé, nítorí kò ní kabúrétọ̀ tí yóò dí, kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì tí a ó máa pààrọ̀. Onílé á ki bátìrì bọ̀ ọ́, á tẹ bọ́tìnì, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgékoríko ti pẹ́ láyé. Ní 1830 ni Edwin Budding, ará Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Ara ẹ̀rọ tí àwọn ahunṣọ àdúgbò rẹ̀ fi ń fá irun orí aṣọ ló ti rí ọgbọ́n náà kọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í nígbà yẹn. Ẹ́ńjìnnì olépo wá jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí bátìrì lítíọ́ọ̀mù fi dé. Sony ló kọ́kọ́ gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ wá sọ́jà ní 1991, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tó ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún epo ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bátìrì ìgékoríko kan tó wọ́pọ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 56 àti amp-hour 5, wúwo lọ́wọ́ bíi bíríkì. Gbogbo iná tó wà nínú rẹ̀ kò ju watt-hour 280 lọ. Ìwọ̀n pẹtiróòlù tó ní agbára bẹ́ẹ̀ nínú kò ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ! Ohun tó gba bátìrì sílẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀ ṣòfò, ooru lásán ló ń sọ ọ́ dà, ṣùgbọ́n mọ́tò oníná ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí a bá fún un. Bó ti wù kó rí, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi pápá ìṣeré kò gbọ́dọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tí koríko rẹ̀ kò ju pulọ́ọ̀tì méjì lọ, ìyẹn pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn, tí gbogbo wa mọ̀, bátìrì kan á sábà kárí rẹ̀, bí koríko kò bá ti ga jù, tí ìrì sì ti gbẹ lórí rẹ̀.

Ti èéfín ńkọ́? Àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní California ṣírò pé bí ẹ̀rọ olépo tí àwọn agékoríko ń lò bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ìdọ̀tí tó ń tú sáfẹ́fẹ́ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó rin nǹkan bíi máìlì 300. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lílọ àti bíbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ọkọ̀ ní ohun tó ń sẹ́ èéfín nínú páìpù rẹ̀, ẹ̀rọ ìgékoríko kì í sábà ní. Ìdí nìyí tí California fi ṣòfin ní 2021 pé ẹ́ńjìnnì ìgékoríko tuntun tí wọ́n bá ṣe láti 2024 kò gbọ́dọ̀ tú èéfín. Wọn kò gba ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ní ti àtijọ́ lè máa lò ó lọ. Honda pàápàá jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ ìgékoríko olépo ní Amẹ́ríkà ní 2023.

Ariwo tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ olépo ń ké tó nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 90 létí ẹni tó ń tì í, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé 85 ni ààlà ohun tí etí lè gbà fún wákàtí mẹ́jọ. Ọmọ ọwọ́ tó ń sùn nílé kejì náà ní etí.

Bátìrì ní àléébù tirẹ̀, kò sì yẹ kí olùtajà fi pamọ́. Owó àkọ́rà rẹ̀ sábà máa ń ga. Ọjọ́ orí ń bá a: lẹ́yìn ọdún mélòó kan, agbára rẹ̀ á dín kù, iye tí wọ́n sì ń ta òmíràn lè mú èèyàn dijú. Òun náà fẹ́ ìtọ́jú nígbà ìsinmi. Kí iná inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdajì, kí a gbé e sínú ilé, kí òtútù má bàa mú un ní gáréèjì. Èyí tó bá wú tàbí tó là, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gba iná mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú garawa ìdọ̀tí, nítorí iná lè ṣẹ́ yọ lára rẹ̀.

Nílé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo ti di ohun tí èèyàn ń ṣírò kó tó dà á sí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí iná lò àfi ti jẹnẹrétọ̀, tó wá ń fi í gba iná sí bátìrì, epo kan náà ló ṣì ń jó. Mẹkáníìkì tó lè tú kabúrétọ̀ wà ní gbogbo ìkóríta, ẹni tó lè tún bátìrì yìí ṣe kò pọ̀. Onílé ní Bódìjà tàbí Lẹ́kí tó ti gbé iná oòrùn sórí òrùlé, òun ni ẹ̀rọ oníbátìrì bá lára mu báyìí.

Ohun tó ń bí onílé nínú jù, tó sì tọ́ kó bí i, ni pé bátìrì ilé-iṣẹ́ kan kì í wọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kejì. Ẹni tó ra ìgékoríko níbí, tó ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ewé dànù lọ́hùn-ún, á ní oríṣi bátìrì méjì àti ohun ìgbaná méjì, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì kógbá wọlé, ẹ̀rọ tó ṣì dára á di irin lásán. Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin mú àwọn tó ń ṣe fóònù láti máa lo ẹnu ìgbaná kan náà láti ìparí 2024. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Bosch àti Gardena náà ti ń pín bátìrì fóòtì 18 kan náà lò láàárín ara wọn. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko, kí ẹni tó náwó rẹ̀ lónìí ṣì lè rí bátìrì ki bọ ẹ̀rọ náà ní ọdún mẹ́wàá òní.